Ta Ló Kọ Orin Yìí? Bí A Ṣe Ń Wá Orúkọ Tó Sọnù Lórí Àwo Fọ́ńkì Àtijọ́

Bí mo bá mú àwo orin kan dání tí mo sì bi yín pé, "Ta ló kọ orin yìí?", ẹni méjì lè fún mi ní ìdáhùn méjì, kí àwọn méjèèjì sì jàre. Ẹnì kan á dárúkọ ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún, torí ẹnu la fi ń kọrin. Ẹnì kejì á dárúkọ ẹni tó jókòó ro ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, torí gègé la fi ń kọ̀wé. "Kọ" kan náà ni èdè wa ń lò fún méjèèjì. Lórí ọ̀pọ̀ àwo fọ́ńkì (funk, orin ijó tí ìlù àti béèsì ń ṣáájú) tó jáde ní Èkó, ní Kútọnu àti ní London ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, ẹni tó kọ ọ́ lẹ́nu àti ẹni tó kọ ọ́ ní gègé kì í ṣe ẹnì kan náà. Àwọn mìíràn tún wà tí ọwọ́ wọn wọ iṣẹ́ náà dé ìgbọ̀nwọ́, tí a ò sì ní gbọ́ orúkọ wọn láéláé bí a ò bá wá a.

Ẹ jẹ́ ká gbé àwo kan sórí tábìlì, ká wò ó dáadáa kí abẹ́rẹ́ tó kàn án. Láàárín gbùngbùn rẹ̀ ni bébà róbótó kan wà. Orúkọ tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ ni ti olórin tàbí ti ẹgbẹ́. Lábẹ́ àkọlé orin kọ̀ọ̀kan, nínú àkámọ́, orúkọ kan tún wà tí wọ́n fi lẹ́tà tíńtín kọ, ó sì lè jẹ́ orúkọ ìdílé lásán. Ẹni tí wọ́n kọ ìṣẹ̀dá orin náà mọ́ nìyẹn. Bí ẹ bá rí "Produced by", ẹni tó darí ìgbohùnsílẹ̀ ni, ẹni tó ń sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí òmíràn. "Arranged by" ni ẹni tó pín iṣẹ́ fún oníkálukú, tó ní kí fèrè wọlé níbí, kí gìtá dákẹ́ lọ́hùn-ún. Lẹ́tà P tí wọ́n fi òrùka yí ká ń sọ ilé-iṣẹ́ tó ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ àti ọdún tó jáde. Ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "ẹni tó ni orin" ti sọnù kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé ohun-ìní méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo. Ẹ fi aṣọ-òkè wò ó. Ẹnì kan ló ro àrà tí aṣọ náà yóò ní, ẹlòmíràn ló jókòó hun ún, ẹni kẹta ló ra òwú tó sì san owó iṣẹ́. Àrà náà lè dé ọwọ́ ahunṣọ mẹ́wàá kó ṣì máa jẹ́ àrà kan náà, ṣùgbọ́n aṣọ tí oníkálukú wọn hun, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Orin tí a ṣẹ̀dá ni àrà. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ni aṣọ. Òfin Nàìjíríà náà yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá orin wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nígbà tí ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ jẹ́ 50 ọdún. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ kan bá ní kí n bá òun wá ẹni tó ni orin kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, àrà ni àbí aṣọ?

Àwo kan wà tí mo fẹ́ràn láti fi ṣe àpẹẹrẹ, torí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí pé sí. Island Records ló gbé e jáde ní London ní 1973. Àkọlé rẹ̀ ni Aiye-Keta. Orúkọ ẹgbẹ́ tó wà lára rẹ̀ ni Third World, ọ̀rọ̀ kan náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Third World mìíràn wà, ti àwọn ọmọ Jàmáíkà tó ń ṣe rẹ́gẹ̀, tí Island yìí kan náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo wọn jáde ní 1976. Ti Jàmáíkà yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, ti àkọ́kọ́ kò ju àwo kan ṣoṣo lọ. Ẹni tó bá ń to àwo sínú ìwé àkójọ, tó rí "Third World" àti "Island" pa pọ̀, tí kò sì fetí sí orin inú rẹ̀, kíá ló máa há a mọ́ ti rẹ́gẹ̀. Bí orúkọ àwọn ènìyàn wa ṣe ń wọlẹ̀ nìyẹn, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe ìkà.

Àwọn mẹ́ta ló ṣe àwo náà: Steve Winwood, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ẹgbẹ́ Traffic, Remi Kabaka, onílù, àti Abdul Lasisi Amao, onífèrè. Àwọn tó ń ra àwo náà lónìí, ìdí orúkọ Winwood ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dúró sí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ síwájú. Lasisi Amao yìí wà lára àwọn tó dá Osibisa sílẹ̀ ní London ní 1969. Nítorí pé àwọn ọmọ Ghana ló ṣe agbátẹrù ẹgbẹ́ yẹn, tí àwọn ọmọ erékùṣù Karibíánì sì wà pẹ̀lú wọn, ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rárá pé ọmọ Nàìjíríà kan ló ń fọn fèrè níbẹ̀. Lórí àwo Osibisa, bí wọ́n ṣe máa ń kọ orúkọ rẹ̀ ni Loughty Lassisi Amao, s méjì láàárín Lasisi. Ẹ wá fi sínú kọ̀ǹpútà: Abdul Lasisi Amao di ẹnì kan, Loughty Lassisi Amao di ẹlòmíràn. Ènìyàn kan ṣoṣo, fèrè kan ṣoṣo, ìwé ti sọ ọ́ di méjì.

Ti Remi Kabaka ń lọ́nà òdìkejì: ẹni méjì ni ìwé ń sọ di ọ̀kan. Remi Kabaka bàbá wà, Remi Kabaka ọmọ sì wà. Ọmọ ni ohùn Russel, onílù inú àwòrán ẹgbẹ́ Gorillaz. Bàbá ló lu ìlù lórí Aiye-Keta, òun náà ló ṣe orin fíìmù Black Goddess tí Ọlá Balógun darí ní 1978. Òun náà ló lu ìlù lórí "Bluebird" nínú Band on the Run ti Paul McCartney, èyí sì tún ní ìdẹkùn tirẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé Èkó ni McCartney ti wá gba ọ̀pọ̀ nínú àwo yẹn sílẹ̀ ní 1973, wọ́n á wá rò pé Èkó náà ni Kabaka ti bá a ṣiṣẹ́. London ni. Ọmọ Nàìjíríà tí ènìyàn á rò pé Èkó ni McCartney ti bá ṣiṣẹ́, ìlú òyìnbó ni wọ́n ti jọ wà nínú ilé ìgbohùnsílẹ̀.

Orin kan tún wà lórí Aiye-Keta tí wọ́n kọ àkọlé rẹ̀ báyìí: "Irin Ajolawa". Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀kan. Ìrìnàjò la wà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè wo "Ajolawa" kó rò pé orúkọ ènìyàn kan ni, kó sì máa wá a kiri. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ ìwákiri yìí, tiwa gan-an ni. Etí tó gbọ́ èdè ń rí ohun tí ẹ̀rọ kò lè rí.

Orúkọ ló máa ń kọ́kọ́ tàn wá jẹ, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ BLO gbé àwo Chapter One jáde lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ EMI ní 1973. Lẹ́tà mẹ́ta yẹn ń dúró fún àwọn mẹ́ta tó dá a sílẹ̀: Berkley Jones, Laolu Akins àti Odumosu. Akins yìí, Akíntóbi ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá Akíntóbi kò ní bá Akins pàdé, ẹni tó bá sì ń wá onílù fọ́ńkì 1973 lè má ronú láé pé ọkùnrin yìí kan náà ló darí ìgbohùnsílẹ̀ Ace, àwo Shina Peters tó gba ìgboro kan ní 1989. Fela ń jẹ́ Ransome-Kuti lórí àwọn àwo rẹ̀ títí di àárín ọdún 1970 sí 1979, ó di Aníkúlápó-Kútì, ẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti Nigeria 70 di Africa 70, ó tún di Egypt 80. Olókìkí ni Fela, nítorí náà a mọ̀ pé òun kan náà ni. Ẹni tí kò lókìkí ńkọ́, tó yí orúkọ padà nígbà tó di Mùsùlùmí tàbí nígbà tó di ẹni ìgbàlà?

Àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó fún àwọn olórin ní nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní IPI, ó ń so gbogbo orúkọ tí ẹlẹ́dàá orin kan ń jẹ́ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Orin náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, ISWC, lẹ́tà T ló máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ISRC. Àrà àti aṣọ náà nìyẹn, wọ́n kàn fi nọ́ńbà sí i lára. Ẹnikẹ́ni lè wo àkọsílẹ̀ ASCAP àti BMI ti Amẹ́ríkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kó tẹ àkọlé orin, kó rí orúkọ tí wọ́n ní òun ló ṣẹ̀dá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí àkọsílẹ̀ yẹn jẹ́: ohun tí ẹnì kan wá kọ sílẹ̀ ni. Wọn kì í lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ lọ wádìí. Ní Nàìjíríà, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni MCSN àti COSON: ọdún 1984 ni MCSN bẹ̀rẹ̀, COSON sì gba àṣẹ ní 2010, nígbà tí àwo fọ́ńkì 1973 ti dàgbà tó ẹni tó bímọ. Ọ̀pọ̀ olórin ìgbà náà kò kọ orin wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.

Àdéhùn iṣẹ́ náà máa ń fi orúkọ pamọ́. Ní Kútọnu, Orchestre Poly-Rythmo, ẹgbẹ́ Mélomé Clément, wà lábẹ́ Albarika Store, ilé-iṣẹ́ Adissa Seidou. (Albarika yìí ni alùbáríkà tiwa, Adissa náà kì í ṣe orúkọ àjèjì sí wa.) Àdéhùn wọn ni pé ọ̀dọ̀ Albarika nìkan ni kí wọ́n ti máa gbohùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò dúró de àdéhùn, wọ́n ń lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ kékeré ṣe orin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn orin ìkọ̀kọ̀ yẹn ni Analog Africa, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Jámánì, wá kó jọ ní 2008. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló tún ń lù lẹ́yìn olórin mìíràn, bíi Honoré Avolonto, tí orin rẹ̀ ń jẹ́ ti Avolonto nígbà tí ọwọ́ tó ń lù ú jẹ́ ti Poly-Rythmo. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ẹgbẹ́ náà nínú àwo tí orúkọ wọn wà níwájú nìkan, ìdajì ìtàn ni yóò kó dé ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ìlù.

Orí ìlù ni fọ́ńkì àti Afrobeat dúró lé. Ẹ yọ dùrọ́ọ̀mù kúrò nínú orin tí Fela ṣe kó tó di 1978, kí ẹ wo ohun tó kù. Tony Allen ló jókòó sídìí rẹ̀. Kó tó kú ní Paris ní 2020, ó sọ ọ́ léraléra pé Fela ló máa ń fi ohun tí oníkálukú yóò ṣe lé e lọ́wọ́, onígìtá, oníbéèsì, àwọn onífèrè, àfi òun nìkan. Tòun, òun fúnra òun ló ń gbé e kalẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ Fela ló wà nínú àkámọ́. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Bí wọ́n ṣe ń pín ìṣẹ̀dá orin láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ọ̀rọ̀ orin àti ohùn orin ni wọ́n máa ń wò. Àrà ìlù, iṣẹ́ alágbàṣe ni wọ́n kà á sí. Ohun kan náà ló bá Clyde Stubblefield ní Amẹ́ríkà. Òun ló lu ìlù "Funky Drummer" ti James Brown, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní Cincinnati ní oṣù kọkànlá 1969. Àwọn olórin rap gé ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá nínú ìlù yẹn, wọ́n fi ṣe àìmọye orin. James Brown ni ìwé mọ̀. Nígbà tí Stubblefield kú ní 2017, gbogbo ayé ti jó sí ọwọ́ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú àkámọ́. Fún àwa tí ìlù wa ń fọhùn, tí àyàn ń fi igi àti awọ ki ọba, ó ṣòro láti gbà pé ìlù kì í ṣe ọ̀rọ̀. Èmi ò gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ wádìí fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú kì í sábà dé. Lẹ́yìn tí orin bá parí, abẹ́rẹ́ á máa yí lórí ibi tó dán, tí kò sí ohùn níbẹ̀. Ẹ gbé àwo náà dẹ̀gbẹ́ sábẹ́ iná. Ẹ óò rí lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fín síbẹ̀, nígbà mìíràn tí ó dà bí ẹni pé ìṣó ni wọ́n fi họ ọ́. Nọ́ńbà yẹn ló so àwo náà mọ́ téèpù tí wọ́n ti mú un. Bébà àárín lè ṣì lọ́wọ́, wọ́n lè lẹ ti ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì, àmọ́ ohun tí wọ́n fín sára àwo ti wà níbẹ̀ kí bébà tó dé. Ẹ wá wo nọ́ńbà ilé-iṣẹ́. Ti Decca ní Èkó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DWAPS, ti EMI pẹ̀lú NEMI. Bí àwo yín kò bá ní ọdún, ẹ wá àwo tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣíwájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n ní ọdún; àárín wọn ni tiyín wà. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀yìn páálí àwo, kí ẹ fi wé bébà àárín. Wọn kì í sábà bára mu, ibi tí wọn ò ti bára mu gan-an ni ìtàn máa ń wà.

Bí a ṣe ń rí Biddy Wright nìyẹn. Orúkọ Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ló wà níwájú àwo Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978 àti Horizon Unlimited ní 1979, gbogbo wọn lábẹ́ Afrodisia, ẹ̀ka Decca. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: àwọn ìbejì náà ló ń kọ orin wọn, lẹ́nu àti ní gègé, ní ìgbà tí ilé-iṣẹ́ orin kì í fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin bí kò ṣe nínú ègbè. Ṣùgbọ́n ẹni tó darí ìgbohùnsílẹ̀, tó sì lu ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí ẹ ń gbọ́ lẹ́yìn wọn, Biddy Wright ni. Ẹ gbọ́ Danger lẹ́ẹ̀kan nítorí ohùn àwọn ìbejì, kí ẹ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì nítorí gìtá nìkan. Àwo ọ̀tọ̀ ni. Mo mọ àwọn tó ti ní orin yìí lórí fóònù wọn fún ọdún mẹ́wàá tí wọn ò gbọ́ orúkọ Biddy Wright rí, torí fóònù kì í gbé ẹ̀yìn páálí wá. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ẹni tó mọ ẹni nígbà yẹn, ẹ wo 1972: àwọn ìbejì Lijadu, Berkley Jones àti Laolu Akins wà pa pọ̀ nínú Salt, ẹgbẹ́ tí Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kó jọ. Ìdílé ni fọ́ńkì Èkó, ẹ tọ́ ẹnì kan, ẹ óò bá mẹ́rin.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀ràn ló ń yanjú. Ní 1977, Lamont Dozier, olórin ọmọ Amẹ́ríkà, gbé "Going Back to My Roots" jáde. Ẹgbẹ́ Odyssey tún un kọ ní 1981, ó dé ipò kẹrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń dún níbi àríyá títí dòní. Lábẹ́ àkọlé rẹ̀, Dozier ni ẹ óò bá. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn ìgbésí ayé Orlando Julius, olórin Nàìjíríà tí wọ́n bí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì ní 1943, tó sì wà ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún yẹn tó ń bá Hugh Masekela, onífèrè ọmọ South Africa, ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń ka orin yìí mọ́ èyí tí òun àti Dozier jọ ṣẹ̀dá. Àkámọ́ sọ ohun kan, ìtàn sọ òmíràn. Ẹni tó ń wádìí kò gbọdọ̀ sáré sọ pé olè ni ẹnì kan, kò sì gbọdọ̀ sọ pé àkámọ́ ti parí ọ̀rọ̀. Ohun tó yẹ kó wá ni ìwé àdéhùn, téèpù tí wọ́n fi dán orin náà wò kó tó jáde, orúkọ ẹni tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà. Kó sì fi orúkọ olórin náà wá a ní gbogbo ọ̀nà: Orlando Julius, Orlando Julius Ekemode, O. J. Ekemode, torí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lò lórí àwo.

Orlando Julius kú ní oṣù kẹrin 2022, Dozier tẹ̀ lé e ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Kẹ́hìndé Lijadu ti lọ ní 2019. Ìdí tí mo fi ń kánjú nìyẹn. Bí àgbà kan bá wà ládùúgbò yín tó lu gìtá tàbí dùrọ́ọ̀mù nígbà náà, ẹ mú fóònù lọ́wọ́, ẹ lọ kí bàbá, ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ kó máa gbohùn. Ẹ má bi wọ́n pé ta ló kọ orin. Ẹ ti rí i pé ìbéèrè yẹn ní ẹnu méjì. Ẹ ní, "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ kùn ún lẹ́nu? Níbo lẹ wà nígbà náà? Ta ló jókòó sídìí dùrọ́ọ̀mù? Àwọn obìnrin mélòó ló ń gbè é, kí sì lorúkọ wọn?" Kí ẹ gbé àwo náà lọ bí ẹ bá ní in, kí ẹ fi sí wọn lọ́wọ́. Mo ti rí àgbà kan tó ní òun ò rántí nǹkan kan mọ́, tí ọwọ́ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ okùn gìtá tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí orin náà bẹ̀rẹ̀, tó sì dárúkọ àwọn mẹ́fà kí ẹ̀gbẹ́ kìn-ín-ní tó parí.